Alángbá Ń Kí Wa Láràárọ̀, A Ò sì Mọ Ibi Tó Wà

Fóònù náà ti kú. Ojú ẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ là sí méjì, bátìrì yọ síta bí ahọ́n ajá. Orí tábìlì ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló wà, láàárín ife tíì kan àti òkìtì fáìlì. Télọ̀ jókòó síwájú ẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan.

Fóònù àbúrò ẹ̀ ni. Gìtá ni àbúrò yẹn ń ta, Alángbá ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí bó bá ti ń ta gìtá báyìí, á máa mi orí sókè sódò, bí ẹni pé ó ń gbà fún ẹnì kan tí ẹ̀yin ò rí. Bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré ló ń gbálẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ náà tí ìgbálẹ̀ ẹ̀ fi kọ́ fóònù. Nọ́ńbà Télọ̀ ni wọ́n fi báírò kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀. Bó ṣe pè é, Télọ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú píìnì lára aṣọ, ó lọ gba fóònù náà lọ́wọ́ bàbá, ó di ilé ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyáwó mi ló fi Alángbá yín hàn mí lórí fóònù lánàá, ó ń jó. Ṣé ẹni tó sọnù máa ń jó ni?" Télọ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó sú wọn ni wọ́n tì í sí yàrá ẹ̀yìn, sọ́dọ̀ obìnrin kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ a máa sọ láàárín ara wọn pé abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, adìẹ tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó gbé e mì. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ lójú ẹ̀ rí.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Lánàá, mà."

"Níbo?"

"Lórí fóònù."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti fóònù. Ojú sójú ni mo wí."

Télọ̀ ń wá ọjọ́ náà kiri nínú orí ẹ̀ bí ẹni ń wá owú tó já. "Fúráìdeè. Ó wá kó ṣẹ́ẹ̀tì méje tí mo rán fún un. Ó ní òún máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ eré."

"Òní sì ni Wẹ́sìdeè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n wà tí nǹkan fi dún nínú báàgì Télọ̀. Ó yọ fóònù tiẹ̀.

Àbúrò ẹ̀ ni. Ó wà nínú fóònù, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹni tí ò bá wá, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Abẹ́rẹ́ wo fóònù tó kú, ó wo fóònù tó ń sọ̀rọ̀.

"Fóònù méjì ló ní ni?"

"Ẹyọ kan yìí ni, mà. Èmi ni mo rà á fún un."

"Ta ló wá ń fi kí wa?"

Ní gbogbo ayé Télọ̀, kò tíì sí ẹ̀rín àbúrò ẹ̀ tó bà á lẹ́rù bí ẹ̀rín yẹn.

*

Abẹ́rẹ́ ní kó sọ bí eré náà ṣe jẹ́ fún òun, kó má fo ìkankan. Télọ̀ sọ ọ́. Olórin márùn-ún ni wọ́n, ẹnikẹ́ni ò ní ọ̀gá tó ń náwó lẹ́yìn. Oníkálukú ní ojú ìwé tiẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó ní èèyàn ẹgbẹ̀rún kan, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì, kò sí èyí tó lè dá kún gbọ̀ngàn. Ọ̀kan nínú wọn tó ń tẹ dùùrù, tí wọ́n sì ń pè ní Dùùrù, ló wá dá a lábàá pé ká da èèyàn wa pọ̀. Kí eléyìí máa kí àwọn èèyàn tọ̀hún, kí tọ̀hún náà máa kọrin lójú ìwé eléyìí, tó bá di ọjọ́ eré, gbogbo wọn á wá. Àgbájọ ọwọ́ ṣáà la fi ń sọ̀yà.

"Ta ló ń bá wọn darí ojú ìwé?"

"Dùùrù náà ni. Ó ní kó má baà rí wúruwùru, kí àwọn mẹ́rin yòókù kó páásíwọ́ọ̀dù wọn fún òun."

"Wọ́n sì kó o fún un?"

"Wọ́n kó o fún un."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ò ní kó kọ́kọ́rọ́ yàrá fún àna yín." Ó na ọwọ́. "Ṣé àbúrò ẹ kọ nǹkan sí ẹ látìgbà yẹn?"

Télọ̀ ṣí i fún un. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló ti bi í lójú ìwé ẹ̀ pé kí ló dé tí fóònù ẹ̀ ò lọ. Èsì wà níbẹ̀: *Fóònù mi bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ọ̀rẹ́ mi ni mo ń lò. Ẹ má dààmú, iṣẹ́ ló pọ̀.* Ti Mọ́ńdè wà níbẹ̀, ti Túsìdeè náà.

"Bó ṣe máa ń pè ẹ́ nìyí? Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ìbéèrè kékeré ni, àmọ́ ó wọ Télọ̀ lára. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, tí òun ti wẹ̀ ẹ́ tí òun sì ti bọ́ ọ dàgbà, Màámi ni ọmọ yẹn ń pè é. Bó bá ń bínú, Màámi ni. Bó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, Màámi ni lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mo rò pé ó ń ṣe bí àgbà ni," ló sọ. "Mà, ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Mò ń jẹun. Mò ń sùn."

"Má tíì sunkún. Jẹ́ ká jọ wo nǹkan." Abẹ́rẹ́ to fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra, ti Sọ́ńdè, ti Mọ́ńdè, ti Túsìdeè, ti òwúrọ̀ yìí. "Kí lo rí?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́. Òun ló fi fọkàn mi balẹ̀."

"Télọ̀ ni ẹ́, aṣọ lo máa wò. Èmi ò mọ aṣọ. Wo tábìlì tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Ìgò omi kan wà lórí tábìlì náà. Ní Sọ́ńdè, omi dé ọrùn ìgò. Ní Mọ́ńdè, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Ní Túsìdeè, ó ku ìdajì. Tòní, ó ti fẹ́ẹ̀ tán. Ìgò kan náà, ibi kan náà, ìdérí ẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bákan náà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ta ló ń mu omi ìgò kan fún ọjọ́ mẹ́rin láì dé e?" ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ya gbogbo ẹ̀. Ó ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ òmíràn, ó ń mu omi. Wọ́n wá tò ó sílẹ̀ kó máa jáde fúnra ẹ̀ láràárọ̀. Kò sí ẹni tó ń kí wa. Ìgbà tó kí wa ti pẹ́."

Ó dìde, ó wọ bàtà tó ti bọ́ sábẹ́ tábìlì. "Ọjọ́ wo ni wọ́n yà á?"

"Á jẹ́ Sátidé. Ó ní ọjọ́ yẹn ni àwọn máa pàdé nínú gbọ̀ngàn."

"Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Dìde."

*

Gbọ̀ngàn náà tóbi, ó ti gbó, ògiri ẹ̀ nípọn bí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Sájẹ́ǹtì tó fi Télọ̀ rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ wọlé, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì fẹ́ fi iṣẹ́ pa ẹ̀rín yẹn rẹ́. Kò pẹ́ tó fi ti yàrá bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn jáde, ó fi ọwọ́ kan mú bàbá níbàdí ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ kejì gbé gìtá.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni mo ti fà á jáde, ọ̀gá."

Gìtá Alángbá ni. Télọ̀ di ìjókòó mú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi mí sílẹ̀," ni bàbá wí. "Olè ha máa ń pe onínǹkan lórí fóònù? Èmi ni mo pe obìnrin yìí láàárọ̀."

"Ẹ ò sọ ti gìtá fún un."

"Kò bi mí. Orí pèpéle ni mo ti bá gìtá yẹn ní alẹ́ Sátidé. Òjò ń já wọlé láti òrùlé, mo wá gbé e síbi tó gbẹ. Olórin ni wọ́n, tí wọ́n bá ti ń lọ, wọ́n á gbàgbé ohun gbogbo. Wọ́n ti gbàgbé eyín àtọwọ́dá síbí rí."

Sájẹ́ǹtì ń wá okùn tó fẹ́ fi so bàbá lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ní kó fi í sílẹ̀. Ó wo Télọ̀.

"Àbúrò ẹ, ṣé ó máa ń fi gìtá ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ó máa ń gbé e sùn, mà."

"Bí ó bá wá bínú, tó kúrò níbí, ṣé á fi í sílẹ̀?"

"Á fi bàtà sílẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀."

"Kò kúrò níbí nìyẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Télọ̀ wo gbọ̀ngàn náà, àwọn ìjókòó tó dorí kodò, aṣọ pèpéle dúdú tí kò mì. Ó dà bí ẹni pé nǹkan ń mí nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti lọ dúró sábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ti rí fóònù, ó gbójú sókè wo ihò àárín àtẹ̀gùn náà.

"Fóònù tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn kì í fọ́ báyẹn. Òkè ló ti já. Bàbá, ibo ni àtẹ̀gùn yìí lọ?"

"Orí òrùlé. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn olórin yìí nìkan ló ń gòkè lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n á tò sókè bí ẹyẹ."

"Ẹ bá mi pe Dùùrù."

*

Dùùrù ò jìnnà, ìdánrawò ló ń bọ̀ wá ṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọrùn ẹ̀ gùn, ó ń fi ọwọ́ nu ojú ẹ̀ láì sí òógùn. Ó kí Télọ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," kò sì wo ojú ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ní kó jókòó sétí pèpéle. Òun fúnra ẹ̀ dúró, ìdúró tiẹ̀ àti ìjókòó ti Dùùrù wá ga bákan náà.

"Fídíò tòní dùn. Ìwọ lo fi ránṣẹ́?"

"Ó ń jáde fúnra ẹ̀, mà. A ti tò ó sílẹ̀ láti Sátidé. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni, kí àwọn èèyàn má baà gbàgbé wa."

"Ó dáa. Ibo lẹ ti fi wọ́n ránṣẹ́ ní Sátidé?"

"Ibí yìí, mà. Orí pèpéle."

"Yọ fóònù ẹ."

Ó yọ ọ́.

"Pe Télọ̀, ó dúró síwájú ẹ yìí."

Dùùrù tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró. Fóònù Télọ̀ ò dún. Dùùrù tún un tẹ̀.

"Kò gbé níbí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Kò sì gbé ní Sátidé. O ní láti gòkè lọ ni. Ta lẹ jọ gòkè?"

"Mà, mi ò..."

"Ta ló ń pe Télọ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Dùùrù yíjú sí Télọ̀, ojú ẹ̀ sá padà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń dà á sílẹ̀ bí ẹni ń bì.

Orin kan ni Alángbá kọ fún ìyá ẹ̀ tó kú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, níbi ìdánrawò lásán ló ti kọ ọ́, ó sì sunkún sí i. Dùùrù ti ká a sílẹ̀. Ní Sátidé, ó gbé e síta lójú ìwé Alángbá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn ẹgbàá mẹ́wàá ti wò ó. "Ẹgbàá mẹ́wàá, mà. A ò rí irú ẹ̀ rí. Mo rò pé inú ẹ̀ á dùn."

Télọ̀ náà ti wo orin yẹn. Òun náà ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà ẹ̀ pé ẹ wá wo àbúrò mi.

"Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò, mo ní kó jẹ́ kó di ẹ̀yìn eré. Ó bá gòkè lọ láti lọ yọ ọ́ fúnra ẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. A jọ ń fa fóònù mọ́ra wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà òrùlé, fóònù sì já bọ́ sínú ihò àtẹ̀gùn. Ó wá bú mi. Mi ò lè sọ ohun tó sọ. Inú bí mi. Mo padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí òrùlé, mo fi irin dábùú ẹ̀. Mo ní kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára kó lè rọ̀. Wákàtí kan ni mo pè é."

"Wákàtí kan," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Òjò dé. Mo ti wà nílé. Mo ní bàbá á gbọ́ ọ, bàbá á ṣí i. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo wá ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí nílẹ̀, mà. Mo fi ojú wá gbogbo orí òrùlé, mi ò rí i. Inú mi dùn. Mo ní ó ti wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, ó kàn ń bá mi ṣe kèéta. Ẹ̀gbọ́n wá kọ̀wé, mo ní tí wọ́n bá pariwo, eré á bàjẹ́. Mo bá dáhùn."

"O ò pe orúkọ ẹ̀ lókè yẹn?"

"Mo fi ojú wá a."

"O ò pè é."

"Ojú ń tì mí láti pè é."

Sájẹ́ǹtì ní òún máa sáré lọ wo ẹ̀yìn ilé, bóyá ó já sílẹ̀. Bàbá gbọ̀ngàn ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àwọn tó ń fọ mọ́tò ń kó jọ sí lójoojúmọ́, bí èèyàn bá já síbẹ̀, wọn ì bá ti pariwo láti Sọ́ńdè. Ilé tó tẹ̀ lé e sì jìnnà, ológbò gan-an ò lè fò ó.

Abẹ́rẹ́ súnmọ́ Dùùrù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ká ní ìwọ ni. Ilẹ̀kùn ti tì. Òjò ńlá ń bọ̀, mànàmáná ń kọ. Ibo lo máa sá sí lórí òrùlé yẹn?"

Dùùrù ronú. Wọ́n rí i bó ṣe ń rìn kiri ibẹ̀ nínú orí ẹ̀. Lójijì ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀.

"Táńkì," ló wí. "Inú táńkì."

*

Télọ̀ ò mọ bí òun ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn. Táńkì irin ńlá kan ni, wọn ò lò ó mọ́, ó ga ju ọkùnrin kan àtààbọ̀ lọ. Àkàbà irin wà lára ẹ̀ níta. Ìdérí ẹ̀ ti dé, ìkọ́ ẹ̀ sì ti já bọ́ sínú ojú ẹ̀ lóde, bí ilẹ̀kùn tó bá gbá tí irin ẹ̀ sì há fúnra ẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lu ara irin. Ó pe orúkọ tí ìyá wọn sọ ọ́, kì í ṣe Alángbá. Irin náà dún gbọ̀n-ọ́n, ó sì dákẹ́. Ó tún lù ú. Ó fi etí lé e, irin náà gbóná bí ìkòkò, ìró ọkàn ara ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Sájẹ́ǹtì gùn ún, ó ṣí ìdérí. Òórùn tó jáde mú kó yí ojú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tan iná sínú ẹ̀. "Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Àkàbà inú ti dípẹtà, ó ti já. Ó dùbúlẹ̀ sínú omi òjò. Mi ò mọ̀ bóyá..." Ó gbìyànjú láti wọ ihò náà, èjìká ẹ̀ há. Bàbá ní òun ńkọ́, ikùn bàbá gan-an ò ní wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ lè wọ̀ ọ́, àmọ́ kò lè gbé ọkùnrin sókè. Àwọn panápaná ń bọ̀, wọ́n ní ó ku ààbọ̀ wákàtí.

Télọ̀ wo ihò táńkì yẹn, ó wo èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ẹ̀ ni. Kò nílò téèpù. Ó ti rán aṣọ fún Dùùrù nígbà kan, ó rántí pé nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé, ìwọ̀n èjìká ẹ̀ àti ti àbúrò òun, ọ̀kan náà ni.

Kò fẹ́ sọ ọ́. Kò fẹ́ kí ọwọ́ yẹn tún kan ọmọ òun.

"Òun ló lè wọ̀ ọ́," ló sọ.

Wọ́n so okùn mọ́ Dùùrù lábẹ́ apá. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn, orí ẹ̀ wọlé, omi dún. Télọ̀ ti gun àkàbà, ó di etí ihò mú, ó tan iná sísàlẹ̀, kò rí ju ẹ̀yìn Dùùrù tó tẹ̀ ba lọ.

"Ṣé ó ń mí?"

Ẹ̀yìn Dùùrù tún tẹ̀ sí i.

"Mo ní ṣé ó ń mí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ kí n gbọ́." Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ó ń mí, ẹ̀gbọ́n. Kò lágbára. Ó ń mí."

Dùùrù tú okùn lára ara ẹ̀, ó so ó mọ́ Alángbá, ó gbé e lé èjìká, ó tì í sókè, sájẹ́ǹtì àti bàbá sì ń fà. Alángbá jáde ní díẹ̀díẹ̀. Ètè ẹ̀ ti là, ojú ẹ̀ wú, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀keje ló wà lọ́rùn ẹ̀, èyí tó yẹ kó wọ̀ lọ́jọ́ eré. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kan ojú ẹ̀, ó wá ọwọ́ kiri, Télọ̀ fi tiẹ̀ sínú ẹ̀.

"Màámi," ló wí. Ohùn ẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ.

Sájẹ́ǹtì gbé e, ó di ìsàlẹ̀, bàbá ń sáré ṣíwájú láti ṣílẹ̀kùn. Okùn wá kù sọ́wọ́ Télọ̀ lórí táńkì. Abẹ́rẹ́ dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ohùn wí láti inú ibẹ̀. "Ẹ ju okùn sílẹ̀."

Télọ̀ ò mira. Ọwọ́ ẹ̀ kan wà lórí ìdérí, irin náà wúwo, ó sì rọrùn láti tì.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Èémí ẹ̀ ti ń yára. Omi ń dún bó ṣe ń yí ara ẹ̀ ká. "Mi ò rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Ohun tó dẹ́rù ba Télọ̀ jù lọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn ni bó ṣe dùn mọ́ ọn láti dákẹ́. Ó ká ọwọ́ kúrò lórí ìdérí náà bí ẹni pé ó jó o.

Ó ju okùn sílẹ̀.

"Dì í mú," ló wí. "Jáde. Tó bá jí dáadáa, á béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wá a. Ìwọ lo máa jókòó síwájú ẹ̀, wàá dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ ara ẹ."